Igbó Ìjọba Nìkan Ò Tó Ẹranko Gbé

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́dẹ, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tẹ́ ẹ ti ń fi fóònù ká mi sílẹ̀ látìgbà tí mo ti dìde, mo kí yín. Mo ti sọ fáwọn tó pè mí pé mi ò ní ka ìwé o, màá kàn sọ̀rọ̀ ni, ẹni tí wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ máa kọ ọ́ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi, torí náà níbi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ gùn jù, èmi ni mo fà á, kì í ṣe òun.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí béèyàn ṣe ń darí iṣẹ́ ìtọ́jú ibùgbé ẹranko fún ìjọba, kì í sì í ṣe igbó kan ṣoṣo o, gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ láti ìlú kan dé ìkejì. Tí mo bá sọ fún èèyàn l'Adó níbí pé iṣẹ́ mi nìyẹn, gáàdì tó gbé ìbọn kọ́ èjìká tó ń lé ọdẹ kiri ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Gáàdì wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò sì fojú kéré wọn, ẹni tó ń sùn sínú igbó lásìkò òjò kì í ṣẹgbẹ́ ẹni tó ń sùn sórí fóòmù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ to gáàdì yí igbó ìjọba ká, kí wọ́n fara kanra, tí gbogbo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn bá ti di oko àtilé tán, ẹranko tó wà nínú ẹ̀ ṣì máa tán. Ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó wà láàárín igbó kan àti ìkejì, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, ilẹ̀ yẹn ò sì sí níkàáwọ́ ọ́fíìsì wa.

Ẹ jẹ́ ká ti Ìsẹ̀-Èkìtì bẹ̀rẹ̀. Ayé mọ Ìsẹ̀ nítorí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọgọ̀gà n'Ìkẹ́rẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924 tí ò sì padà wálé mọ́, British Museum ló wà títí dòní. (Àwọn ọmọ Ìsẹ̀, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ó tó.) Ohun kejì tó yẹ kí ayé fi mọ̀ yín ni ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Risáàfù Ìsẹ̀, ìyẹn igbó ìjọba tó wà níbẹ̀, tó nǹkan bíi 142 square kilómítà, odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣàn gba ibẹ̀ kọjá, ìnàkí sì ṣì ń gbé inú ẹ̀. Oríṣi ìnàkí mẹ́rin làwọn onísáyẹ́ǹsì kà ní gbogbo Áfíríkà, èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Pan troglodytes ellioti, òun ló kéré jù níye, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló sì wà. Iye tí wọ́n fojú bù pé ó kù ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ò ju 9,000 lọ, àwọn mìíràn tiẹ̀ sọ pé ó kéré sí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Apá Gashaka-Gumti lọ́hùn-ún, national park tó wà ní Taraba àti Adamawa, lọ́pọ̀ wọn wà nínú tiwa. Níbi tiwa níhìn-ín, ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ níbí díẹ̀ lọ́hùn-ún ni, Ìsẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó ṣì ní wọn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré?

Ẹ má wá rò pé ẹ máa dé igbó Ìsẹ̀ kẹ́ ẹ bá a tó jókòó tó ń dúró dè yín. Mo mọ ọdẹ tó ti ń wọ igbó yẹn láti kékeré tí iye ìgbà tó fojú kàn án ò pọ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn ò ṣeé gbára lé. Ohùn wọn lẹ máa gbọ́, wọ́n á pariwo lójijì, wọ́n á máa lu gbòǹgbò igi gbì gbì gbì, nígbà tẹ́ ẹ bá fi débẹ̀ wọ́n ti lọ. Ìtẹ́ wọn la máa ń kà. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìnàkí tó ti dàgbà á gun igi, á fa ẹ̀ka igi mọ́ra, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á ká a wọnú ara wọn, á já ewé sórí ẹ̀, ó ti ní bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì ó tún máa ṣe tuntun níbòmíràn. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú ló ń sùn ti ìyá ẹ̀. Àwa á wá fa ìlà tó gún régé wọnú igbó, a ò ní yà sọ́tùn-ún yà sósì kódà kí ẹrẹ̀ wà níwájú, a ó máa wòkè, ìtẹ́ tá a bá rí a ó wọn bó ṣe jìnnà sí ìlà wa, a ó wo ewé ẹ̀. Tí ewé bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí ìgbẹ́ tútù wà nísàlẹ̀, àná ni. Tí ewé ti pọ́n, ó ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ igi gbígbẹ nìkan ló kù tí ẹ ń rí ojú ọ̀run láàárín ẹ̀, ìyẹn ti lè tó oṣù mélòó kan. Látinú ìṣirò yẹn la ti ń mọ iye tó ṣeé ṣe kó wà. Ọrùn á máa ro èèyàn bí ẹni tó fi orí sùn sórí òkúta. A tún ń so kámẹ́rà mọ́ igi tó ń ya fọ́tò fúnra ẹ̀ tí nǹkan bá ti kọjá, ẹtu ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, àti òkété, àti ọmọ aráyé tó gbé ṣéènsọ lérí lóru.

Kí ló wá dé tí 142 square kilómítà ò fi tó? Ẹ gbọ́ bí ìnàkí ṣe ń bímọ ná. Abo ìnàkí máa ń tó ọdún 13 tàbí 14 kó tó bí àkọ́bí, tó bá sì bí ọ̀kan, ó di ọdún 5 sí 6 kó tó bí òmíràn. Ọ̀yà tẹ́ ẹ pa lónìí, àbúrò ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kọ́dún tó yí. Ìnàkí ò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ mi ni pé abo tó bá ti bàlágà sábà máa ń fi agbo tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, á lọ bá agbo mìíràn bí ẹni tó lọ ilé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn, kí ẹ̀gbọ́n àtàbúrò má baà máa fẹ́ra. Tó bá wá dé etí igbó tó rí oko ẹ̀gẹ́ lọ súà, ọ̀nà ọkọ̀, abà, ajá, ìbọn, níbo ló máa gbà?

Bossou lẹ máa fi mọ̀ pé mi ò sọ àsọdùn. Bossou wà ní Guinea, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí náà, láti 1976 làwọn onísáyẹ́ǹsì ará Japan ti ń tẹ̀ lé agbo ìnàkí kan níbẹ̀. Àwọn ará abúlé yẹn kì í pa ìnàkí, èèwọ̀ ni, wọ́n gbà pé ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn wà lára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yìnbọn fún wọn. Nǹkan bíi 20 ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2003 ọ̀fìnkìn àti ikọ́ wọ àárín wọn, ó pa márùn-ún. Abo tuntun ò wá láti òkè Nimba tó wà nítòsí, torí pápá koríko tó tó kìlómítà mẹ́rin ló wà láàárín òkè yẹn àtàwọn, lónìí iye tó kù ò tó mẹ́wàá. Láti 1997 ni wọ́n ti ń gbin igi sínú pápá yẹn kó lè di ọ̀nà fún wọn, iná oko ń jó o, wọ́n tún ń gbìn ín. Kìlómítà mẹ́rin péré o! Tó bá jẹ́ láti ibi tá a jókòó sí yìí ni, ọ̀kadà ò ní gba owó ńlá lọ́wọ́ yín fún irú ìrìn yẹn.

Nítorí náà tí wọ́n bá gbé ẹni tuntun sípò olórí irú iṣẹ́ yìí, tó bá bi mí pé níbo lòun máa ti bẹ̀rẹ̀, màá ní kó lọ wá máàpù. Ìyà tó wà nínú ìyẹn nìkan! Igbó ìjọba wa, ayé òyìnbó ni wọ́n ti pààlà púpọ̀ nínú wọn, a sì ti wà lábẹ́ Western Region, a ti wà lábẹ́ Ondo láti 1976, ní October 1996 la tó di Èkìtì, ìwé wá fọ́n ká, òmíì wà n'Ìbàdàn, òmíì l'Àkúrẹ́, òmíì eku ti jẹ ẹ́. Ìwé lè sọ pé ààlà gba orí òkúta kan kọjá sí ìdí igi kan, òkúta ṣì wà, igi ti di pákó látìgbà tí bàbá yín ń kọ́lé. Àwọn tó ń dáko níbẹ̀ náà á sì sọ pé baba àwọn ló fi ọwọ́ hàn àwọn, ọ̀pọ̀ wọn ò purọ́. Ṣé ẹ rántí ètò tọ́ńgíyà? Ìjọba ní kí àgbẹ̀ wá gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín tíìkì àti melína kéékèèké, kó máa bá wọn ro ìdí igi, tí igi bá ti ga kó bọ́ síbòmíràn. Lórí ìwé ó dáa. Ẹnu dùn-ún rofọ́. Ta ló máa kó ìyàwó àtọmọ kúrò nílẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára torí pé igi ti ga? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kàn gbin kòkó ni, ẹni tó bá sì ti gbin kòkó ti kọ́lé síbẹ̀ nìyẹn.

Melína àti tíìkì yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa wọn. Láti Éṣíà ni wọ́n ti kó wọn wá. Tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò sátẹ́láìtì ẹ máa rí i tó tutù minimini, olóṣèlú á ní ẹ wò ó igbó ti padà. Kò sí ọ̀pọ̀tọ́ níbẹ̀, kò sí agbálùmọ̀, kí ni ìnàkí fẹ́ jẹ níbẹ̀? Mi ò sọ pé wọn ò wúlò, ẹni tó bá rí igi òpó iná gé nínú melína ò ní wọ risáàfù lọ gé ìrókò. Kí wọ́n má ṣá pè é ní igbó ni.

Ó wá kan ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba. Òfin ilẹ̀ 1978 sọ pé abẹ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òfin yẹn wọ oko olóko n'Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré máa bá àdá pàdé. Mólẹ́bí ló ni ilẹ̀. Torí náà ìjókòó ni. Ẹ lọ kí Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ẹ lọ rí àwọn baálẹ̀ abà, ẹ jókòó ti àwọn tó jẹ́ àlejò, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá dáko, torí wọn kì í pè wọ́n sí mítìn àwọn ló sì wà nítòsí igbó jù. Bàbá kan wà tí kòkó ẹ̀ dé etí odò, a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú okùn tá a fi ń wọn ilẹ̀. Bàbá ò kí wa tán tó fi bi mí, "Ọ̀gá fọ́rẹ́sítà, ẹni tó gbé okùn wá sóko èèyàn, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ ló fẹ́ gbà?" Mo ní, "Bàbá, a ò ní gé kòkó kankan, a ò sì gba ilẹ̀. Láti etí omi títí dé ìdí kòkó àkọ́kọ́ yìí, ẹ má ro ó mọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó kún." Ó wo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ́ bẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti sun ìdí ẹ̀ díẹ̀. Ó ní ṣé èyí náà máa wà, mo ní òun gan-an la bá wá, ó sì ń ṣíji bo kòkó yín, kòkó fẹ́ràn òjìji nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní, "Tí ìnàkí bá wá tọ ọ̀pọ̀tọ́ dé, tó já kòkó mi jẹ ńkọ́?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí ìnàkí ń jẹ kòkó tó bá pọ́n, wọ́n fẹ́ràn omi dídùn tó wà lára ẹ̀. Mi ò lè sọ pé ìjọba máa sanwó fún un, torí kò sí owó kankan nínú bájẹ́ẹ̀tì fún ìyẹn. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé òun á fún wa ní etí odò, àwa á fún un ní igi tó lè gbìn sáàárín kòkó tó máa rí tà lẹ́yìnwá ọ̀la, àti ìwé tó sọ pé ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n lórí oko yẹn, kí gáàdì tuntun má wá máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwé yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Ó pe ọmọ ẹ̀ kó wá kà á fún òun, ó tún ní kó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rù pé wọ́n máa lé mi kúrò kì í jẹ́ kéèyàn gbin igi tó máa pẹ́. Etí odò kan, oko kan, bẹ́ ẹ ṣe ń so wọ́n pọ̀ nìyẹn, àti igbó orò, igbó ìmọlẹ̀, ẹsẹ̀ òkè tí ọkọ́ ò lè ro, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kà mọ́ ọn. Kò yá. Kọmíṣánnà tó bá fẹ́ ohun tó máa ṣí ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, kó lọ ṣe bọ̀hòlù.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí máa bí àwọn kan nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣá. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú igbó ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, òun náà ni wọ́n ń bi ní ìparí oṣù pé èló lo pa. Níbo ló ti máa rí i? Lára igi náà ni, owó hámà tí wọ́n fi ń sàmì sára igi tí wọ́n gé, owó pákó, owó tírélà tó kọjá. Nínú ìwé ìṣirò, ìrókò tó wó lulẹ̀ ní iye, ìrókò tó dúró jẹ́ òdo. Ẹ tún wá ní kí olórí ibẹ̀ máa ṣọ́ igbó. Èèyàn dáadáa ni ọ̀pọ̀ wọn o, ṣùgbọ́n ẹ ti pín in sí méjì. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń darí irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bá gómìnà jà fún ni pé kí wọ́n yọ ibi tí ẹranko ń gbé kúrò nínú ìṣirò owó pátápátá, kí wọ́n sì wá owó ibẹ̀ níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà láti 1937 ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹni tó bá ra ìbọn ọdẹ àti ọta, ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹranko igbó. Àwọn ọdẹ gan-an ló ń gbọ́ bùkátà igbó. (Rárá o ẹ̀yin ọlọ́dẹ, ẹ má bínú, mi ò sọ pé kí wọ́n gbé owó orí lé ṣakabùlà, ẹ jókòó.) Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n wá ibi tí owó ti máa wá tí kò fi ní jẹ́ igi.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ń pín ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dá oko ńlá, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe títì ń la ọ̀nà, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ń sáìnì ìwé, olúkúlùkù ní máàpù tiẹ̀, a ò rí ara wa títí tí katapílà á fi dé. Tí ẹnì kan bá lè mú kí gbogbo wọn máa wo máàpù kan ṣoṣo kí wọ́n tó sáìnì, ó ti ṣe ju ọgọ́rùn-ún gáàdì lọ. Ondo náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ò dúró ní ààlà kó gba tíkẹ́ẹ̀tì. A tún ní àwọn tí kì í ṣe ìjọba, bíi Rachel Ikemeh àti ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ti ń bá ìnàkí Ìsẹ̀ yìí ṣiṣẹ́, obìnrin náà gba Whitley Award, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ń tọ́jú ẹranko igbó, ní 2020 lórí ẹ̀. Irú wọn lè dúró pẹ́ ju kọmíṣánnà lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, torí ìnàkí kan lè rí gómìnà bíi mẹ́wàá láyé ẹ̀.

Ẹnì kan ti ń juwọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún tipẹ́. Ó ní ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe níbi tó ti bàjẹ́. Ní Rwanda, igbó Gishwati ti fìgbà kan rí tóbi gan-an, ogun àti oko jẹ ẹ́ títí ó fi ku nǹkan bíi 600 hẹ́kítà, ìnàkí tó kù níbẹ̀ ò ju 20 lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi padà, wọ́n fi ilẹ̀ kún un, òun àti Mukura ti di national park kan báyìí. Ilẹ̀ tiwọn fún wọ́n ju tiwa lọ dáadáa. Torí náà ó ṣeé ṣe.

Màmá yìí ní kí ni ìnàkí ń ṣe fún wa gan-an. Ẹ ṣeun mà. Wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń ya kóró ẹ̀ síbi tó jìnnà, àwọn kóró ńlá wà tí ẹyẹ kékeré ò lè gbé mì. Igbó tó sì wà létí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni kì í jẹ́ kí yanrìn wọ́ kún odò. Ní ti owó àwọn àlejò tó máa wá wòran, mi ò ní tàn yín, ìnàkí tó ń sá fún èèyàn kì í ṣeé fi pa tíkẹ́ẹ̀tì lónìí lọ́la.

Ọmọ mi tó wọ búlúù yìí ni ìkẹyìn. Ó ní òun rí ọmọ ìnàkí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń tà, àánú ṣe òun, ṣé ó yẹ kóun rà á kóun gbé e wá fún wa. Má rà á. Kí wọ́n tó rí ọmọ yẹn gbà lẹ́yìn ìyá ẹ̀, wọ́n ti pa ìyá ẹ̀, bóyá àwọn mìíràn tó wá gbèjà náà, owó tó o bá san ni wọ́n á fi ra ọta tí wọ́n á fi lọ wá òmíràn. Òfin 1985 tó ń dáàbò bo ẹranko tó ń tán lọ ti ka títa ẹ̀ léèwọ̀, ẹni tó rà á náà wà nínú ẹ̀. Má fọwọ́ kàn án, ikọ́ ẹ lè pa á. Wo ibẹ̀ dáadáa, ọjọ́, àkókò, ìta ilé ta ni, lọ sí ọ́fíìsì fọ́rẹ́sìrì tó bá sún mọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an, má dúró dọjọ́ kejì, torí ọmọ ìnàkí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti gbé ońjẹ dé, a ṣì lè máa sọ ìyókù níbi tá a ti ń jẹun.